Iná Pa Kòkòrò, Kò Pa Oró: Ẹran Ìsìnkú Kan ní Ìjùmú

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé kò tíì lù nígbà tí wọ́n gbé aláìsàn àkọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn kékeré abúlé náà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, wọ́n fún un sáàárín ẹni méjì lórí ọ̀kadà, èébì sì ti ba aṣọ ẹbí ọrùn rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n tó nu ilẹ̀ tán, ìyá àgbà kan ti dé. Mẹ́rin nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó gbé pósí láàárọ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, wọ́n ti pé mọ́kànlélógún. Gbogbo wọn ló ń bì, inú ń run wọ́n bí ẹni pé wọ́n ń fún un, àwọn díẹ̀ sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ara ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbóná.

Ibi ìsìnkú àgbà kan ni gbogbo wọn ti bọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo àwọn tó gbé wọn wá: májèlé. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó rí ẹni tí yóò lẹ̀ mọ́. Ìyàwó kejì olóògbé ló bójú tó ọbẹ̀, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí òun àti àwọn ọmọ ìyáálé rẹ̀ ti ń fa ilẹ̀ kan mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n tó dáná alẹ́, ẹnìkan ti ní kí wọ́n lọ pe ọlọ́pàá láti Ìyàrà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì àti ti láàbù tó ń múra ìdánwò nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn. Mo ti yọ orúkọ abúlé kúrò, mo sì ti yí ohun tí ènìyàn lè fi dá ẹbí náà mọ̀ padà. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan máíkírósíkóòpù, inú ìwé òǹkà ọgọ́rin ewé kan ló wà.

Nọ́ọ̀sì méjì ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Èyí tó kéré ti ń já Flagyl àti tetracycline sọ́wọ́. (Lọ́dọ̀ wa níbí, kò sí inú rírun tí Flagyl kì í kọ́kọ́ dá lóhùn.) Èyí àgbà ní kó fi í sílẹ̀ ná, kó po omi ORS (omi iyọ̀ àti ṣúgà), ọ̀rá kékeré kan sínú lítà omi mímọ́ kan, kó máa fún wọn mu ní díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn àti ìyá àgbà, tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára wọn, ni wọ́n fi dírípù sí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé, ó fa ìlà sí i: orúkọ, ohun tí o jẹ, aago tí o jẹ ẹ́, aago tí o kọ́kọ́ bì.

“Ọ̀kun o, Bàbá. Ẹ má bínú, aago mélòó lẹ jẹun?”

“Ọmọ mi, ẹni tí wọ́n fún ní májèlé lò ń bi ní aago?”

“Aago gan-an ni mo fẹ́ mọ̀, Bàbá.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìsìn parí ní ọ̀sán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ ní bíi aago kan. Àwọn ọmọdé, àwọn tó gbé pósí àti àwọn àgbà ẹbí ni wọ́n kọ́kọ́ bu fún, àwọn náà ló kọ́kọ́ bì, láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́rin ààbọ̀. Àna olóògbé kan tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà láti Lọ́kọ́ja kò dé títí di aago mẹ́ta. Ó jẹun, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bì. Ẹni tó jẹun gbẹ̀yìn ló bì gbẹ̀yìn, àlàfo tó sì wà láàárín oúnjẹ àti èébì kò yí padà: wákàtí méjì sí mẹ́ta ààbọ̀.

Ibi tí mo máa ń dúró sí jù nìyí, nítorí ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń sáré kọjá. Bakitéríà tó bá ní láti wọ inú ènìyàn lọ, kó lẹ̀ mọ́ ìfun, kó bí sí i, kó tó ṣèpalára, kò lè parí gbogbo iṣẹ́ yẹn ní wákàtí mẹ́ta. Salmonella nílò ó kéré tán wákàtí 6, ó sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibà sì máa ń bá a rìn. Kọ́lẹ́rà lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ló máa ń fi ṣíwájú, ìgbẹ́ funfun bí omi ìṣanrẹsì, kì í ṣe èébì. Clostridium perfringens, tó fẹ́ràn ẹran inú ìkòkò ńlá, máa ń gba bíi wákàtí 8 sí 16, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni tirẹ̀, èébì kì í sábà sí níbẹ̀. Bí èébì bá yá tó báyìí, tí ibà kò sì sí, a jẹ́ pé ẹnìkan ti ṣe oró náà sílẹ̀ nínú oúnjẹ kí wọ́n tó bù ú. Ọ̀rọ̀ tó kù ni pé ta ni: ènìyàn ni àbí bakitéríà?

Nọ́ọ̀sì àgbà yìí kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀sùn májèlé, mo sì gbóríyìn fún un nítorí rẹ̀. Oògùn apakòkòrò tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sóko àti èyí tí wọ́n fi ń pa ẹ̀fọn nílé wọ́pọ̀ nítòsí wa, wọ́n sì ti pa ènìyàn rí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú wọn. Ẹni tó bá gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ mì, ọmọlójú rẹ̀ máa ń sún kì bí ojú abẹ́rẹ́, itọ́ àti omijé á máa dà, òógùn á bò ó, iṣan ara rẹ̀ á máa fò, kì í sì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kò rí ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ọmọlójú gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ó wá kan ohun tí wọ́n jẹ. Oúnjẹ méjì ló wà níbẹ̀: iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ẹlẹ́ja gbígbẹ, àti ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ran màlúù. Àwọn tó jẹ iyán nìkan, ara wọn le koko. (Ẹni tó bá mọ àwa Ọ̀kun, Yorùbá ìhà ibí, mọ̀ pé àwọn tó jẹ iyán kò kéré.) Mọ́kànlélógún tó wá sí ilé ìwòsàn, gbogbo wọn ló jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ran. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti fẹ́ pariwo “Bacillus cereus!” nítorí ìrẹsì tí bakitéríà yẹn fẹ́ràn, kò sì ṣe àṣìṣe láti rò ó: irú rẹ̀ tó ń fa èébì máa ń gba wákàtí kan sí mẹ́fà, oró rẹ̀ náà kì í sì í gbọ́ ti iná. Ṣùgbọ́n pásítọ̀ tó ṣe ìsìn kì í jẹ ẹran màlúù mọ́ láti ìgbà tí dókítà ti kìlọ̀ fún un. Ó jẹ ìrẹsì náà pẹ̀lú ẹyin sísè, òun àti ìyàwó rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹran ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n pa màlúù. Wọ́n bọ ẹran, wọ́n dín in lọ́sàn-án, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ àwọn ọ̀dọ́ jókòó yí ọpọ́n ká, wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ lásán, wọ́n ń ṣàwàdà. Ọ̀kan nínú wọn ní eéwo ní ìka, ó fi àkísà wé e. Wọ́n kó ẹran náà sínú kúlà ńlá méjì nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n dé e pa, wọ́n gbé e sí yàrá. Ó sùn síbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó da á sínú ata, ó sì hó fún bíi ààbọ̀ wákàtí.

Ibí yìí ni bàbá àgbà kan nínú ẹbí ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ kalẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní: “Gbogbo wa la rí i. Iná igi ńlá ni wọ́n fi sè é, ó hó títí. Kòkòrò wo ló lè ṣẹ́ kù nínú rẹ̀? Májèlé nìkan ni iná kì í pa.” Bí ó bá jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn ìdánwò ló ti sọ ọ́, bàbá yìí ì bá ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú máàkì. Òótọ́ ni pé kòkòrò kankan kò kù nínú ọbẹ̀ náà. Òótọ́ ni pé májèlé tí iná kì í pa ló wà níbẹ̀. Ohun kan tí kò mọ̀ ni pé kòkòrò náà ló se májèlé yẹn sílẹ̀ lóru kí iná tó pa á.

Staphylococcus aureus ni mò ń sọ. Inú ọyún eéwo ni oníṣẹ́ abẹ ará Scotland, Alexander Ogston, ti rí i ní 1880, ní Aberdeen. Ní 1884 ni Rosenbach ará Jámánì fún un ní orúkọ aureus, ọdún yẹn kan náà ni Hans Christian Gram ará Denmark gbé ọ̀nà tó fi ń kun bakitéríà láwọ̀ jáde. Awọ ara àti imú ènìyàn ni ilé rẹ̀. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, bíi mẹ́ta ló ń gbé e kiri nínú imú láìmọ̀. Nínú ẹran tútù kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ́wọ́ mú, torí àwọn bakitéríà mìíràn pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń bá a du àyè. Ẹran tí wọ́n ti bọ̀, tí wọ́n sì ti dín, ni oko rẹ̀: iná ti pa àwọn alábàádíje, ọwọ́ ènìyàn wá gbìn ín síbẹ̀ lẹ́yìn iná. Iyọ̀ kì í dí i lọ́wọ́ tó bó ṣe ń dí àwọn yòókù. Ìwọ̀n ooru tó lè bí sí i nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti bíi 7 °C títí dé 48 °C, èyí tó sì dùn mọ́ ọn jù wà nítòsí 37 °C. Kúlà tí wọ́n dé pa lórí ẹran tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pa ooru yẹn mọ́ fún un láti alẹ́ mọ́jú. Láàbù gan-an ní láti sanwó iná kí ínkúbétọ̀, àpótí tí wọ́n fi ń mú bakitéríà móoru, tó ṣe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ń bí sí i ló ń tú oró ìfun rẹ̀ sínú ẹran. Oríṣi oró yìí pọ̀, A sí E ni àwọn tó ti pẹ́ jù nínú ìwé, A ló sì sábà máa ń fa ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí. Èyí tí kò tó máíkírógíráàmù kan ti tó láti mú ènìyàn bì. Purotéènì ni, ṣùgbọ́n purotéènì olórí kunkun: ó lè la 100 °C fún ìṣẹ́jú 30 já, omi inú ikùn tó ń da oúnjẹ kò sì rí i dà. Láti inú ìfun ló ti ń ta iṣan ọpọlọ jí, ọpọlọ á sì pàṣẹ kí ènìyàn bì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé oró ló ń ṣe é, tí kì í ṣe bakitéríà fúnra rẹ̀, ní Chicago ní 1930, Gail Dack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hu bakitéríà tó wá láti inú kéèkì kan sínú omi, wọ́n sẹ́ bakitéríà náà kúrò pátápátá, wọ́n sì fún àwọn tó fínnúfíndọ̀ mu. Omi tí kòkòrò kankan kò sí nínú rẹ̀ mú wọn bì.

Ìdí nìyẹn tí Flagyl nọ́ọ̀sì kékeré kò fi ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, tetracycline náà kò ní. Kò sí bakitéríà tí wọ́n fẹ́ pa nínú ikùn àwọn ènìyàn yẹn. Omi àti iyọ̀ tó ti jáde ni kí a dá padà, kí a sì dúró de ara, nítorí àìsàn yìí kì í sábà ju ọjọ́ kan lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sunday tó mọ́, gbogbo wọn ti ń sùn, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n tú ìyá àgbà sílẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ẹ̀sùn ṣì wà nílẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà sì ti fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́ sí láàbù ilé ìwòsàn ńlá kan, nínú kúlà kékeré tó ní yìnyín: èébì ẹni méjì, ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ran tó kù ní ìsàlẹ̀ ìkòkò, àti nǹkan kẹta tí orí ló bá wa ṣe é. Obìnrin kan nínú ẹbí tó ń ta omi tútù ti bu ẹran díẹ̀ sínú ọ̀rá láàárọ̀ Sátidé, kí wọ́n tó da ìyókù sínú ata, ó sì jù ú sínú fìrísà rẹ̀. Ó fẹ́ gbé e lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ó kọ́kọ́ sẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ó lè yọ ìyàwó ilé nínú wàhálà, ó gbé e jáde.

Láàbù fi wọ́n sórí àwo ágà, oúnjẹ dídì tí wọ́n fi ń hu bakitéríà. Lẹ́yìn wákàtí 24, ọbẹ̀ kò hu nǹkan kan. Wọ́n fi í sílẹ̀ di 48, òfo ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà níbẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọbẹ̀ náà mọ́, kò léwu. Ẹ wo ọbẹ̀ tó dá ènìyàn mọ́kànlélógún dùbúlẹ̀. Àwo ágà kò lè rí oró, ohun alààyè nìkan ló ń rí. Oúnjẹ tí iná ti kọjá lórí rẹ̀ lè hu òfo, kí oró sì kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

Ẹran inú ọ̀rá ló sọ̀rọ̀. Lórí ágà mannitol oníyọ̀, tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kọ́lọ́nì bo àwo, àwọ̀ pupa ágà náà sì ti yí padà di yẹ́lò yí wọn ká, nítorí bakitéríà ti sọ mannitol, irú ṣúgà kan, di ásíìdì. Lórí ágà ẹlẹ́jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti yọ́ kúrò yí kọ́lọ́nì ká. Wọ́n kun ún ní ọ̀nà Gram: crystal violet, iodine, ọtí, safranin. Ó mú àwọ̀ àlùkò dání, róbótó-róbótó ni, wọ́n ṣù mọ́ ara wọn bí ẹyìn nínú ìdì. Iye wọn nínú gíráàmù ẹran kan kọjá 100,000 dáadáa, ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń kà sí èyí tó ti lè se oró tó láti dá ènìyàn gúnlẹ̀.

Ìdánwò catalase, ẹ́ńsáìmù tó ń mú hydrogen peroxide hó, ló tẹ̀ lé e, láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Streptococcus, bakitéríà róbótó mìíràn tí kò ní in. Hydrogen peroxide hó gùù. Ẹ̀tàn méjì wà níbẹ̀ tí àwọn olùdánwò fẹ́ràn. Ẹni tó bá ha kọ́lọ́nì láti orí ágà ẹlẹ́jẹ̀ lè ha ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ sì ní catalase tirẹ̀, yóò hó láìjẹ́ pé bakitéríà ló hó. Wáyà oníirin náà lè mú un hó, igi tàbí gíláàsì ni kí ẹ fi mú un. Coagulase, ẹ́ńsáìmù tó ń mú pílásímà (omi inú ẹ̀jẹ̀) dì, ló wá yà á kúrò lára àwọn ẹbí rẹ̀ tó ń gbé lára ènìyàn jẹ́jẹ́, bíi S. epidermidis. Nínú túùbù, pílásímà dì ní 37 °C kó tó pé wákàtí mẹ́rin. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárín wákàtí mẹ́rin yẹn. Ẹni tó bá fi túùbù sílẹ̀ tó lọ sùn lè jí bá a pé ohun tó dì ti tún yọ́, nítorí bakitéríà kan náà máa ń ṣe staphylokinase tó ń yọ́ ọ, yóò sì kọ “kò dì” sórí ohun tó ti dì lóru.

Ẹbí fẹ́ kí láàbù dárúkọ ẹnìkan. Bí ìyàwó ilé kò bá ṣe é, ọmọ tó ní eéwo ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Wọ́n ti bá ọ̀dọ́kùnrin náà sọ̀rọ̀, ó gbà kí wọ́n fi òwú nu ìka rẹ̀, wọ́n sì nu imú àwọn tó gé ẹran pẹ̀lú rẹ̀. S. aureus hù láti ìka rẹ̀. Ó tún hù láti imú ẹni méjì mìíràn tí ara wọn mọ́ tónítóní. Kí a tó lè sọ pé ti ọ̀kan nínú wọn ni tinú ẹran, a ní láti fi ẹ̀yà àbùdá wọn wé ara wọn, a sì ní láti wá oró fúnra rẹ̀ nínú ẹran. Láàbù yẹn kò ní irinṣẹ́ fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo mọ̀ pé yóò wu ènìyàn láti tọ́ka sí eéwo. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé ẹ̀sùn kúrò lórí opó, kí wọ́n sì gbé e lé ọmọ ogún ọdún lórí, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹran tí ọwọ́ mẹ́wàá gé, tí ó sì wà nínú kúlà láti alẹ́ mọ́jú, kò nílò eéwo.

Bí wọ́n ṣe kọ ìwé náà nìyí: àmì àìsàn, àlàfo wákàtí àti oúnjẹ tí wọ́n jẹ bá oró Staphylococcus aureus mu, bakitéríà náà pọ̀ nínú ẹran tí wọn kò tíì tún sè, àmì oògùn apakòkòrò kò sí lára ẹnikẹ́ni, láàbù kò dán oró wò. Wọ́n kà á ní ìpàdé ẹbí, ẹ̀dà kan sì lọ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń tọpa àjàkálẹ̀ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti ara oúnjẹ kan ṣàìsàn. Bàbá tó gbé ẹjọ́ kalẹ̀ ní kí wọ́n tún ibi tó kan iná kà fún òun lẹ́ẹ̀kejì. Ọlọ́pàá kò wá mọ́.

Nínú ìdánwò, olùdánwò kì í sábà yí ju nǹkan kan tàbí méjì lọ nínú irú ìtàn yìí. Bó bá fi wákàtí 12 sí ibi tí mo ti kọ mẹ́ta, tó sì yọ èébì kúrò, ẹ lọ sọ́dọ̀ C. perfringens. Bó bá fi ibà sí i, tó sì sún un di ọjọ́ kejì, Salmonella ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Bó bá yọ ẹran, tó fi ìrẹsì tó sùn mọ́jú sí i, láìyí wákàtí padà, B. cereus ni, bakitéríà gbọọrọ tó ń ṣe sípóò tí iná kì í tètè pa. Bó bá sì béèrè àpẹẹrẹ tí ẹ máa gbà, ẹ kọ èébì àti oúnjẹ tó kù, pàápàá èyí tí iná kò tíì tún kàn. Ẹ má kọ ẹ̀jẹ̀ fún ìhùsí. Bakitéríà náà kò wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.